Ẹ̀jẹ̀ Ríru Kì Í Ké Àgò

Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Àyẹ̀wò ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, àyẹ̀wò kékeré tí ọ̀pọ̀ wa kì í lọ ṣe nítorí pé ara kò ro wá.

Ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn ìfúnpá tó ga ju bó ṣe yẹ lọ, kì í ké àgò kó tó wọlé. Èèyàn lè ní in fún ọ̀pọ̀ ọdún, kó máa ṣiṣẹ́, kó máa jẹun, kó máa sùn dáadáa, kí orí má fọ́ ọ, kí òòyì má kọ́ ọ, títí di ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ yóò dá a gúnlẹ̀ tàbí tí wọ́n yóò sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ ti bàjẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àwọn àgbàlagbà tó ní in káàkiri ayé lé ní bílíọ̀nù kan, nǹkan bí ìdajì wọn ni kò sì mọ̀. Ẹni tó bá ń dúró kí orí kọ́kọ́ fọ́ òun, ohun tó lè má wá rárá ló ń dúró dè. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ARA TÍ KÒ RONI KÒ NÍ KÍ ÌFÚNPÁ MÁ GA!

Olóko kòkó ni bàbá mi. Láti ojú ọ̀nà, gbogbo igi oko wọn ló máa ń tutù yọ̀yọ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n wọn kì í tìtorí ìyẹn padà sílé. Abẹ́ igi ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa wá èso tó ti ń dúdú kí wọ́n lè já a kúrò kó tó ran àwọn yòókù. Mo máa ń rántí wọn nígbàkígbà tí mo bá jókòó kí wọ́n wọn ìfúnpá mi.

Ó wá ku ibi tí gbogbo wa ti ń ṣì í ṣe, ẹ farabalẹ̀ gbọ́ mi. A ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, a ó jókòó, a ó na apá lójú ẹsẹ̀, nọ́ọ̀sì á we aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá lé apá ẹ̀wù wa, a ó sì máa ròyìn owó ọjà fún un. Nọ́ńbà tó bá jáde nírú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kò ṣeé gbára lé! Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5 ná. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ má gbé ọ̀kan lé èkejì. Ẹ ká apá ẹ̀wù sókè, kí ẹ gbé apá lé tábìlì ní ọ̀gangan àyà, nítorí pé apá tó bá rọ̀ sísàlẹ̀ máa ń mú kí nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ. Kí ẹ ti tọ̀ ṣáájú. Ẹ má mu kọfí tàbí sìgá, ẹ má sì jẹ obì, láàárín ìṣẹ́jú 30 tó ṣáájú. Ẹ DÁKẸ́, ẹ má gbé fóònù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ẹ ní kí wọ́n tún un wọ̀n.

Nọ́ńbà méjì ni wọ́n máa kà fún yín. Nọ́ńbà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan nígbà tí ọkàn bá fún un jáde, ti ìsàlẹ̀ sì ni agbára náà nígbà tí ọkàn bá sinmi. Bí ti òkè bá tó 140 tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá tó 90, lọ́jọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn. Ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe oògùn aládùúgbò yín ló kàn! Bí wọ́n bá sì fún yín lóògùn tí nọ́ńbà wálẹ̀, oògùn náà ló ń ṣiṣẹ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Bí nọ́ńbà bá dára, ẹ padà lọ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ wọ ẹ̀wù tí apá rẹ̀ fẹ̀ lọ́la, ẹ mú ìyá yín dání lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà méjèèjì àti déètì sínú ìwé kékeré kan tí dókítà yóò lè wò.