Ibi Tí Ímeèlì Máa Wà Nígbà Tí Sáfà Kan Bá Kú

Ẹ káàbọ̀ o. Sáfà ímeèlì méjì ló wà níwájú wa yìí, fún ọ́fíìsì kan ní Alágbàká, Àkúrẹ́. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì ní láti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Níbo wá ni ká kó ímeèlì sí?

NFS, ọ̀nà tí ẹ̀rọ kan fi ń pín fáìlì rẹ̀ fún àwọn míì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sáré lọ bá. Kò burú, àmọ́ bí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tó ń pín in bá kú, sáfà méjèèjì á jókòó máa wojú ara wọn ni. Ẹ má sì gbé ext4 (ìlànà tí Linux fi ń to fáìlì) orí dísìkì kan náà fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà o! Alájọ méjì tí wọn ò ríra wọn, tí wọ́n ń sàmì sórí káàdì kan ṣoṣo: ẹ mọ ibi tí ìyẹn máa já sí. GFS2, ìlànà tí wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, gbà á láyè, ṣùgbọ́n fáìlì wẹ́wẹ́ inú Maildir (níbi tí ímeèlì kọ̀ọ̀kan ti ní fáìlì tirẹ̀) máa ń jẹ́ kó fà.

DRBD, tó máa ń kọ ohun tá a bá kọ sórí dísìkì ẹ̀rọ kan sórí ti ẹ̀rọ kejì náà, lèmi fara mọ́. Ẹ fi wáyà tiwọn so sáfà méjèèjì pọ̀ tààrà. Nínú fáìlì ètò rẹ̀, ẹ kọ `protocol C`, kó má sọ pé òun ti kọ nǹkan àfi tó bá dé dísìkì méjèèjì. Lórí ẹ̀rọ méjèèjì (`r0` ni orúkọ tá a fún dísìkì DRBD yìí nínú fáìlì ètò):

`drbdadm create-md r0`
`drbdadm up r0`

Lórí ọ̀kan péré:

`drbdadm primary --force r0`

Ẹ wo orúkọ ẹ̀rọ dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ Enter. Ti ibí ló máa bo tọ̀hún mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, lórí ẹ̀rọ yẹn kan náà:

`mkfs.xfs /dev/drbd0`
`mount /dev/drbd0 /srv/mail`

Kí ló dé tó jẹ́ XFS, tí kì í ṣe ext4? Iye inode (àkọsílẹ̀ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ń gba ọ̀kan nínú rẹ̀) tí ext4 bá bẹ̀rẹ̀ ló máa lò, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́. Maildir lè jẹ ẹ́ tán nígbà tí àyè ṣì pọ̀ nílẹ̀. `df -i` lẹ máa fi rí i.

Nọ́ńbà (UID) `vmail`, orúkọ aṣàmúlò tó ni àwọn fáìlì ímeèlì, gbọ́dọ̀ bára mu níbi méjèèjì, ká ní 5000. Ẹ kó ìlà ìdúró Postfix (ètò tó ń gba ímeèlì wọlé) náà sórí dísìkì DRBD, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ímeèlì tó ti wọlé á há sínú sáfà tó kú.

Pacemaker, ètò tó ń ṣọ́ sáfà méjèèjì, ló máa gbé iṣẹ́ láti ọ̀kan sí èkejì. Ẹ fún un ní agbára láti pa iná ẹ̀rọ kejì, bíi IPMI (ọ̀nà tá a fi ń darí ẹ̀rọ láti òkèèrè). Ẹ má so méjèèjì mọ́ ínfátà kan náà. Bí bátìrì bá tán, méjèèjì á jọ kú ni.

Bí wáyà bá já tí méjèèjì sì ń pe ara wọn ní `Primary` (èyí tó ń kọ nǹkan sórí dísìkì), ẹ yan èyí tí dátà rẹ̀ máa dúró. Ẹ kọ́kọ́ da ímeèlì tuntun inú èyí tó máa pàdánù sórí dísìkì mìíràn, kẹ́ ẹ `umount` rẹ̀, kẹ́ ẹ wá ṣe èyí níbẹ̀:

`drbdadm disconnect r0`
`drbdadm secondary r0`
`drbdadm connect --discard-my-data r0`

Bí èkejì bá ní `StandAlone` (pé òun dá wà, kò so mọ́ ìkejì), ẹ ṣe `drbdadm connect r0` lórí tiẹ̀, kẹ́ ẹ máa wo `drbdadm status` títí `UpToDate` (dátà ti pé) á fi jáde níbi méjèèjì.