Òtútù Àyà: Ẹ Ká Aṣọ Ọmọ Sókè, Kí Ẹ Ka Mímí Rẹ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ sì kú ọyẹ́. Òtútù àyà tí èèyàn kó láàárín ìlú ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Èyí tó bá mú aláìsàn lẹ́yìn tó ti lo wákàtí 48 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọsibítù, ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀. A ò ní dé ibẹ̀.

Bí ọmọ bá ń wúkọ́ lásìkò yìí, a ó ní ọyẹ́ ló wọ̀ ọ́ lára. Ọyẹ́ kọ́. Kòkòrò ló wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, tí àwọn àpò kéékèèké tó yẹ kó gba afẹ́fẹ́ wá kún fún ọyún àti omi. Bakitéríà Streptococcus pneumoniae ni ògúnnágbòǹgbò wọn. Fáírọ́ọ̀sì fulú àti ti kòrónà náà ń fà á. Iṣẹ́ ọyẹ́ níbẹ̀ ni pé ó ń kó gbogbo wa sínú yàrá kan, fèrèsé títì, ẹnì kan wúkọ́, gbogbo ilé fà á símú. Èéfín náà ń dá kún un: ìyá tó pọn ọmọ tó ń yan gàrí, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń fa èéfín yẹn símú pẹ̀lú rẹ̀.

Báwo la ṣe máa wá mọ̀ ọ́n? Ibí ni mo fẹ́ dúró sí. Ọwọ́ tí ẹ ń gbé lé iwájú orí ọmọ kò tó. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ ẹkún, kó sì fi ọmú sílẹ̀. Ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè dé àyà, ẹ wo aago fóònù. Ikùn á gòkè, á tún sọ̀ kalẹ̀: oókan nìyẹn. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni kẹ́ ẹ fi kà á, torí mímí ọmọ kì í lọ déédéé. Ọmọ oṣù 2 sí 11 tó bá dé 50, tàbí ọmọ ọdún 1 sí 5 tó bá dé 40, tó sì ń wúkọ́, ẹ gbé e lọ fún ìtọ́jú lọ́jọ́ náà. Bí ìsàlẹ̀ ìhà bá ń wọnú nígbà tó ń mí, tí kò lè mu ọmú, tàbí tí gìrì mú un, ọsibítù ńlá ni, bíi Bowen tàbí LAUTECH. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da àdí sí ọmọ tí gìrì mú lẹ́nu o! Ẹ̀dọ̀fóró ló ń gbà lọ, á sì dá òtútù àyà mìíràn sílẹ̀.

Ti àgbàlagbà ń tanni. Màmá ẹni ọdún 70 lè má gbóná rárá. Ó kàn ń sọ ìsọkúsọ, aráalé á ní arúgbó ń ṣarán. Ẹ ka mímí tiwọn náà: 30 ní ìṣẹ́jú kan kì í ṣọ̀rọ̀ eré.

Dókítà á gbọ́ àyà, á fi ẹ̀rọ há ìka láti mọ bí ọ́síjìn ṣe tó nínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ní kí wọ́n ya X-ray. Òògùn amoxicillin, tó ń pa bakitéríà, ló sábà máa ń ṣáájú. Tó bá le, abẹ́rẹ́ àti ọ́síjìn. Kápúsù méjì tí ẹ rà lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì, tí ẹ fi ẹ̀kọ gbé mì, kòkòrò á kàn mọ ọwọ́ òògùn náà ni. Ẹ lò ó tán bí wọ́n ṣe kọ ọ́.

Láti 2014 ni àjẹsára PCV, tó ń dènà Streptococcus pneumoniae tá a dárúkọ lókè, ti wọ Nàìjíríà. Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 ni ọmọ ń gbà á, ọ̀fẹ́ ni nílé ìwòsàn ìjọba. Bí ikọ́ bá sì lé ní ọ̀sẹ̀ 2, ẹ ní kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wò fún ikọ́ ife, torí òògùn tirẹ̀ yàtọ̀.