Ta Ló Sọ Sọ́fítíwíà Yìí Lórúkọ?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin òǹwòran wa. Àgbówó ni mo wà lọ́jọ́ kan, níwájú géètì Yunifásítì Ìbàdàn, ní ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún láàpútọ́ọ̀pù ṣe. Àwọn ọmọkùnrin méjì ń jiyàn. Ọ̀kan ní "Yùbọ́ńtù" ni kí wọ́n fi sórí ẹ̀rọ òun. Èkejì ní irọ́ ni, "Òbúńtù" ni. Oníṣọ́ọ̀bù ní èyí ó wù kó jẹ́, kí wọ́n ṣáà sanwó.

Ùbúńtù ni, sọ́fítíwíà tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows. "U" tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ń da ahọ́n wa láàmú, torí ọ̀rọ̀ tiwa kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "u". Ẹ lọ bá Èkìtì tàbí Ìjẹ̀ṣà tó ń pe ilé ní "ulé", wọn ò ní kọsẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Zulu àti Xhosa ni, láti Gúúsù Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti bí Mark Shuttleworth tó dá a sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ò jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Nọ́ńbà ara rẹ̀ náà ní àlàyé: 4.10 ni àkọ́kọ́, torí oṣù kẹwàá ọdún 2004 ló jáde. Ẹ ti mọ oṣù tí 24.04 jáde nìyẹn.

Ara Debian, sọ́fítíwíà irú rẹ̀ tó ti wà ṣáájú, ni wọ́n ti yọ Ubuntu. Ian Murdock ló bẹ̀rẹ̀ Debian ní 1993. Ó mú orúkọ Debra, ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀, ó so ó mọ́ tiẹ̀: Dẹ́bíàn. Ẹ kíyè sí i pé orúkọ obìnrin ló ṣáájú. Michael Widenius ní Finland ní tiẹ̀ fi orúkọ ọmọbìnrin rẹ̀, My, sọ MySQL, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú àkójọ ìsọfúnni. Nígbà tó yá, ó tún gbé irú rẹ̀ mìíràn, MariaDB, jáde. Maria ni àbúrò My. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ló ń gbé ni, Bàbá My ni gbogbo àdúgbò ì bá máa pè é.

Linux, ọkàn tí Debian àti Ubuntu fi ń ṣiṣẹ́, ni ọmọ tí aládùúgbò sọ lórúkọ. Ní 1991, Freax ni Linus Torvalds fẹ́ kó máa jẹ́, ojú ń tì í láti fi orúkọ ara rẹ̀ pe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ari Lemmke, tó fún un láyè lórí sáfà, kọ̀ǹpútà tí àwọn èèyàn ti ń gba fáìlì, ò fẹ́ràn Freax. Ó kọ "linux" sára fódà, ó parí. Línúkìsì ni, kì í ṣe "Láínọ́ọ̀sì". Torvalds fúnra rẹ̀ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ káyé lè gbọ́ bó ṣe ń pè é.

Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ sọ́fítíwíà, ńkọ́? Òun kì í ṣe erè inú igbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ejò ni wọ́n yà sára àmì rẹ̀. Eré apanilẹ́rìn-ín àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan, Monty Python's Flying Circus, ni Guido van Rossum tó dá a sílẹ̀ ń rántí.

Apache, sọ́fítíwíà tó ń gbé ojú ìwé ìkànnì wá fún wa, ẹ má wo ẹnu mi. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, "Àpásì" ló máa ń já sí. Àwọn tó ni MySQL tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́nisọ́nà wọn pé ká máa pe lẹ́tà S, Q àti L lọ́kọ̀ọ̀kan ló tọ́, ṣùgbọ́n pé àwọn ò ní bínú sí ẹni tó bá pè é bí wọ́n ṣe ń pè é ládùúgbò tiẹ̀. Ọlọ́run bù kún wọn.

Ó ku GIF, àwòrán tó ń mira lórí WhatsApp yẹn. Ọdún 1987 ni Steve Wilhite àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e jáde. Nígbà tí wọ́n fún un lámì ẹ̀yẹ ní 2013, kò la ẹnu. Ó ní kí wọ́n gbé e sójú sìkírìnì pé "jífì" ni, kì í ṣe "gífì". Òun ló bí i, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n "g" kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ mi nínú a-b-d, òun náà ló wà nínú gèlè. Kí bàbá má bínú, gífì ni màá máa pè é.