Níbo Ni Wọ́n Ń Fi Ẹlẹ́wọ̀n Sí?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Tí wọ́n bá ní wọ́n ti gbé lágbájá lọ sí Kirikiri, ọ̀pọ̀ wa rò pé ọgbà kan ṣoṣo ni. Ọgbà mẹ́ta ni, nítòsí Àpápá: Maximum (ibi tí ààbò ti le jù), Medium (ibi tí ààbò ti mọ níwọ̀n), àti ti àwọn obìnrin.

Ní géètì, wáráǹtì tí kóòtù fi rán ẹni tuntun wá ni wọ́dà máa kọ́kọ́ wò. Ṣé wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ ni, àbí ẹjọ́ ṣì ń lọ? Ibẹ̀ lọ̀nà ti pínyà. Ẹni tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ á wọ aṣọ ẹ̀wọ̀n, ó lè kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí káfíńtà, ó sì mọ ọjọ́ tó ń kà. Ẹni tó jẹ́ "awaiting trial" ṣì wà nínú aṣọ tó wọ̀ kúrò nílé. Ó lọ sí kóòtù lónìí, wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. Ó padà wá.

Nínú ẹlẹ́wọ̀n 3 ní Nàìjíríà, bíi 2 ni kò tíì gba ìdájọ́. Yàrá tiwọn ló ń kún jù. Ọgbà Ìkòyí, èèyàn 800 ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ní 2019, iye tó wà níbẹ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ lọ. Àwọn tó ti jáde níbẹ̀ sọ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n fi ń sùn: bí ẹnì kan bá fẹ́ yí, gbogbo ìlà ló máa bá a yí. Ẹni tí wọn ò tíì rí ẹ̀ṣẹ̀ kà sí lọ́rùn ló ń sùn bẹ́ẹ̀ o!

Àwọn tí wọ́n dájọ́ ikú fún ní ibùgbé tiwọn lọ́tọ̀. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n tí wọ́n ṣe ní 2019 sọ pé bí ọdún 10 bá kọjá lẹ́yìn tí ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti tán, tí wọn ò sì pa ẹni náà, adájọ́ àgbà lè yí ìdájọ́ ikú rẹ̀ sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Tàwọn obìnrin ńkọ́? Wọn kì í bá ọkùnrin gbé. Ìyá tó bá bímọ síbẹ̀ lè tọ́jú ọmọ náà lọ́dọ̀ ara rẹ̀ títí ọmọ á fi pé oṣù 18. Àwọn ọ̀dọ́, Borstal ni, ìyẹn ọgbà tí wọ́n ti ń tún ìwà ọ̀dọ́ ṣe: Abẹ́òkúta, Ìlọrin, Kàdúná.

Òfin 2019 yẹn náà fún ọ̀gá ọgbà àti ọ̀gá àgbà ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ìpínlẹ̀ náà láṣẹ láti jọ kọ ẹni tuntun tí àyè bá ti kún. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá kọ̀ ní géètì, àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ń dá a padà sí. Ta ló ní sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ fẹ̀?