Sáà gọ́ọ̀fù tó lọ, àti Birkdale tó ń bọ̀

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun. Abẹ́òkúta ni mo wà lọ́tẹ̀ yìí, ní Ìbarà, nílé àwọn òbí mi. Tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀, ẹ má bínú, ti aládùúgbò ni. Tiwa ò ní epo.

Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀fù ni mo gbé wá. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa yínmú pé eré àwọn olówó ni. Ẹ fara balẹ̀. Sandy Lyle, tó gba Masters ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1988, ti kọ́kọ́ wá gba Nigerian Open lọ́dún 1978, ní Ìkòyí ní Èkó. Nígbà yẹn, yanrìn tí wọ́n po epo mọ́ ni wọ́n máa ń tẹ́ yí ihò ká, wọ́n á sì gbá a kó tẹ́jú kí bọ́ọ̀lù lè yí lórí ẹ̀. Eré yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ọdún 2025 ń parí lọ. Èyí tí gbogbo ayé gbọ́ ni ti Rory McIlroy, ọmọ Northern Ireland. Látọdún 2014 kò gba ife ńlá kankan, Masters nìkan ló sì kù fún un nínú ife ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí gọ́ọ̀fù ní: Masters, PGA Championship, US Open àti The Open. Lóṣù kẹrin, ní Augusta, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tún bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó gbá bọ́ọ̀lù sómi ní ihò kẹtàlá. Èyí tí ì bá fi parí ẹ̀ ní ihò tó kẹ́yìn, bọ́ọ̀lù kò wọlé. Òun àti Justin Rose wá di ọgbọọgba, wọ́n tún padà lọ gbá ihò yẹn kó tó borí, ló bá kúnlẹ̀, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Scottie Scheffler, ọmọ Amẹ́ríkà, gba méjì: PGA Championship lóṣù karùn-ún, lásìkò tí Abẹ́òkúta fúnra ẹ̀ kún fáwọn eléré tó wá fún Gateway Games, ìdíje eré ìdárayá gbogbo Nàìjíríà, àti The Open lóṣù keje. J.J. Spaun gba US Open. Mo kí gbogbo wọn.

Àmọ́ Tommy Fleetwood ló wà lọ́kàn mi, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì onírun gígùn yẹn. Títí di àárín oṣù kẹjọ ọdún yìí, ó ti gba ife méje nínú ìdíje àwọn ará Yúróòpù, ṣùgbọ́n tó bá ti di PGA Tour ti Amẹ́ríkà, kò gba ẹyọ kan. Ó ti lọ ìdíje 163 níbẹ̀. Ìgbà 30 ló ti wà lára àwọn márùn-ún tó ṣíwájú. Owó tó ti pa níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 30 dọ́là. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ti gbé ẹ̀rọ sí i lẹ́nu, ìbéèrè kan náà ni: ìgbà wo lo máa gba tìẹ?

Ẹ̀yin tá a jọ wà lókè òkun mọ ìbéèrè yẹn dáadáa. Mi ò tíì gbé báàgì kalẹ̀ tí wọ́n fi ń bi mí pé, "Ilẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀?" Owó ilé ìwé tí kì í yẹ̀, oògùn bàbá, owó tí mò ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù láti Liverpool, kò sẹ́ni tó lè dúró níwájú ìwọ̀nyẹn kó ya fọ́tò. Mo ṣàlàyé ti Fleetwood fún ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, bí àwọn èèyàn ṣe ń káàánú ẹ̀ pé kò gbafe. Wọ́n ní èló ló ti pa? Mo sọ fún wọn. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní: "Lọ sọ fáwọn tó ń káàánú ẹ̀ pé kí wọ́n wá káàánú èmi náà bẹ́ẹ̀."

Ní gọ́ọ̀fù, ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níye ìgbà tó kéré jù ló ń borí. Lóṣù kẹfà, ní Connecticut, Fleetwood fi ẹyọ kan ṣíwájú dé ihò ìkẹyìn. Ó gbé bọ́ọ̀lù dé ẹ̀bá pápá kékeré ibi ihò wà, ẹ̀ẹ̀mẹta ló tún wá gbá a kó tó wọlé. Keegan Bradley gbá tiẹ̀ wọlé, ó gbafe lọ. Lóṣù kẹjọ, ní Memphis, ó fi méjì ṣíwájú nígbà tó ku ihò mẹ́ta, ó tún bọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ní East Lake ní Atlanta, ó borí, ó gba ife PGA Tour tiẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì gba mílíọ̀nù 10 dọ́là.

Gbogbo èèyàn wá ń pariwo sùúrù. Sùúrù dáa, àmọ́ mélòó nínú àwọn tó ní sùúrù ni kò gbafe rí dọjọ́ ikú wọn? Ká ní bọ́ọ̀lù East Lake náà yà lẹ́bàá ihò, ṣé ọdún gbogbo tó fi ń jẹun lórí pápá á wá di òfo ni? Èmi ò gbà.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti Delhi lóṣù kẹwàá. Ọmọ Fleetwood ọkùnrin ti sọ fún un pé ohun kan wà tí kò tíì ṣe rí: kó gbafe, kóun sáré wọ pápá lọ bá a ní ihò ìkẹyìn. Fleetwood kọ ọ̀rọ̀ náà sínú àkọsílẹ̀ ẹ̀. Ó borí ní Delhi, ọmọ náà sì sáré wọlé lóòótọ́. (Ti Ryder Cup, Yúróòpù fi 15 sí 13 na Amẹ́ríkà nílé wọn, bí àwọn òǹwòran Bethpage ṣe bú McIlroy tó. Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀ mọ irú ariwo yẹn.)

Ọdún 2026 ńkọ́? PGA Tour ti dín àwọn tó máa ní káàdì, ìyẹn àṣẹ láti máa gbá níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kù láti 125 sí 100. Ẹni tó wà ní ipò 110, tó ń sùn fọnfọn tẹ́lẹ̀, á wá máa ka ọjọ́ bíi tiwa nígbà tí ìwé ìgbélùú bá kù díẹ̀ kó parí.

Lóṣù keje, The Open ń lọ sí pápá Royal Birkdale ní Southport, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlú tí wọ́n bí Fleetwood sí nìyẹn. Nígbà tó wà lọ́mọdé, òun àti bàbá ẹ̀ máa ń yọ́ wọ pápá yẹn lọ gbá bọ́ọ̀lù. Lọ́dún 2017 tí ìdíje náà wá síbẹ̀, ìgbà 76 ló gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èyí tó pọ̀ jù, ojú gbogbo ará ilé ń wò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, ife á ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó wọ̀lú, àmọ́ kò tíì gba ọ̀kan nínú mẹ́rin ńlá yẹn, wọn ò sì ní ṣàì bi í.

Láti ọ̀dọ̀ mi ní Liverpool, rélùwéè kan ṣoṣo ni. Tẹ́ ẹ bá sọ̀ ní Hillside, ẹ ti dé. Tí wọ́n bá ní kí n fowó mi sí i, Scheffler ni màá mú, mi ò ní purọ́ fún yín. Àmọ́ orúkọ Tommy ni màá pariwo. Ẹni tó bá ní tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́ kù, kó jọ̀ọ́ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.