Ọ̀rọ̀ Tí Tíṣà Kò Lè Sọ fún Hẹdimásítà

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi olùkọ́, mo kí yín o. Inú mi dùn pé Ẹ̀pẹ́ ni a ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gba Kọ́lẹ́ẹ̀jì Michael Ọ̀tẹ́dọlá ní Noforija kọjá, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ara LASUED, Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó, lọ́dún 2022. A mọ bí a ṣe ń kọ lẹ́sìn nóòtì. Tábúlẹ́ẹ̀tì EKOEXCEL, ètò ẹ̀kọ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, náà tún dé, tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti wà nínú rẹ̀. Ó dára. Àmọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì kò lè sọ fún hẹdimásítà ìdí tí ìdajì kíláàsì kò fi tíì dé láàárọ̀ ọjọ́ ọjà.

Mo ti jẹ́ tíṣà kíláàsì Kẹrin rí ní ilé-ìwé kan létí ọ̀sà. Ọlọ́jọ́ márùn-ún ni ọjà ibẹ̀. Lónìí ó lè bọ́ sí ọjọ́ Ajé, nígbà mìíràn ó di Ọjọ́bọ̀. Àwọn ọmọ á ti bá ìyá wọn ru ẹja láti ìdájí, bí wọ́n bá fi máa dé, aago mẹ́wàá ti ń lọ lù. Ìṣirò ni a sì fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójoojúmọ́. Mo mọ̀. Tíṣà kíláàsì Karùn-ún mọ̀. Ọ̀gá wa nìkan ni kò mọ̀, torí sàkúlà ni wọ́n máa ń kà ní ìpàdé olùkọ́. Wọ́n á kà á tán, wọ́n á ní, "Ṣé ó yé yín?" A ó ní, "Ó yé wa, sà." A ó tú ká. Nígbà tí máàkì ìṣirò já wálẹ̀, kúẹ́rì ni mo gbà. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi dá a lóhùn. Mi ò dárúkọ ẹja rárá.

Màmá kan ló gbapò lẹ́yìn ọ̀gá náà. Wọn ò ra nǹkan kan fún wa. Pátákó ìkọ̀wé tó là ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n kàn lẹ sàkúlà mọ́ ògiri kí kálukú kà á, wọ́n wá ń fi àkókò ìpàdé béèrè pé, "Kí ló ń dí yín lọ́wọ́?" Ìpàdé mẹ́ta àkọ́kọ́, a dákẹ́ rọ́rọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo sọ ti ọjà. Wọn ò sọ pé àwọn á wò ó. Wọ́n mú táìmù-tébù jáde níṣojú wa, wọ́n bi àwọn tíṣà tó kù léèrè, a sì gbé ìṣirò ọjọ́ ọjà lọ sí ẹ̀yìn ìsinmi. Láti ìgbà yẹn, mi ò kọ́ bẹ́ǹṣì òfìfo mọ́.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni mo wá kà nípa àwọn olùṣèwádìí kan, Anthony Bryk àti Barbara Schneider, tí wọ́n tọpa ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Chicago, ní Amẹ́ríkà, láwọn ọdún 1990. Ibi tí olùkọ́, ọ̀gá àti òbí ti fọkàn tán ara wọn ni máàkì ìṣirò àti ìwé kíkà ti sábà ń gbéra. Chicago jìnnà sí Ẹ̀pẹ́, ṣùgbọ́n mo rí màmá yẹn nínú rẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè wa ní ọmọ 35 ni kí olùkọ́ kan máa kọ́. Ẹni tó ń kọ́ 70, kò sí ìpàdé tó lè dín wọn kù. WhatsApp náà kì í ṣe ìpàdé: bí ọ̀gá bá ju àṣẹ síbẹ̀ láago mọ́kànlá òru, "noted, ma" nìkan lẹ máa rí.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, tó di àsìkò ìbéèrè, tíṣà kan dìde lẹ́yìn: "Bí mo bá sọ̀rọ̀, tí wọ́n bá fi tránsífà gbé mi lọ sí òdìkejì omi ńkọ́?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, àfi àwọn tó wà níwájú. Mi ò ní ohun tí mo lè fi dáàbò bò ó. Mo ní kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá gbà mí. Ó pẹ́ kí ẹnì kan tó gba makirofóònù.

"Tíṣà mi," wọ́n ní, "kí lẹ fẹ́ sọ gan-an?"