Craigievar: Ilé Oníṣòwò Tó Múra Bí Ilé Ológun

Ẹ wo ilé yìí dáadáa. Píǹkì ni láti ìsàlẹ̀ dókè, ó sì ga ní àjà méje. Craigievar lorúkọ ẹ̀, ní Aberdeenshire, lápá àríwá ìlà-oòrùn Skọ́tlándì.

Láyé ọjọ́un, òkè làwọn ọlọ́lá Skọ́tlándì máa ń kọ́lé lọ, yàrá lórí yàrá, torí ọ̀tá àti torí àwọn tó ń jí màlúù kó. Ògiri á nípọn, ẹnu ọ̀nà á jẹ́ ẹyọ kan, òkúta ni wọ́n á fi ṣe àjà ìsàlẹ̀ kí iná má baà ràn án. Craigievar ní gbogbo ẹ̀, títí kan ilẹ̀kùn irin.

Àmọ́ ẹni tó kọ́ ọ kì í ṣe jagunjagun rárá. Oníṣòwò ni William Forbes. Òun àti àwọn ará Danzig, ìyẹn Gdańsk ní Pólándì òde òní, ni wọ́n jọ ń ṣòwò, làwọn èèyàn bá ń pè é ní Danzig Willie. Ọdún 1610 ló ra ilé náà, tí kò tíì parí, lọ́wọ́ ìdílé Mortimer tówó ti tán lọ́wọ́ wọn. Ó parí ẹ̀ ní 1626.

Ẹ wá gbójú sókè. Ìsàlẹ̀ ilé rí gbọọrọ láìní ọnà kankan. Òkè ni gbogbo fáàrí wà, ilé ṣóńṣó níhìn-ín, ọnà lọ́hùn-ún. Nínú gbọ̀ngàn, àmì ọba gàgàrà ló wà lókè ibi ìdáná. Tèmi ni pé owó ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ìbẹ̀rù ogun. Àwọn àtọmọdọ́mọ ẹ̀ náà ò kẹ̀rẹ̀: lára ògiri àtẹ̀gùn, pẹ̀lú ọdún 1668, wọ́n kọ ọ́ pé kẹ́nikẹ́ni má jí ajá tó ń sùn. Ẹ kú àlejò o!

Láti 1963 ni National Trust for Scotland, ìyẹn ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú àwọn ilé àtijọ́ Skọ́tlándì, ti ń tọ́jú ẹ̀. Títí dòní, kò síná mànàmáná láwọn àjà òkè. Ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé làwọn àlejò fi ń wòran; bí ìkùukùu bá ṣú, gbọ̀ngàn á ṣókùnkùn, ọnà tó wà lábẹ́ òrùlé ẹ̀ á sì fara pa mọ́.

Ara ògiri ló ń fún wọn níṣẹ́ jù. Sìmẹ́ǹtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ nígbà kan ò jẹ́ kí omi rọ́nà jáde, ni wọ́n bá ha á kúrò, wọ́n fi ẹfun òkúta àti yanrìn rọ́pò. Ẹfun máa ń jẹ́ kí ògiri mí, àmọ́ òjò ń fọ̀ ọ́ lọ, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún un kùn.